Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Hóòmù Tíátà Ìyá Rẹ Kò Fọhùn

Lokongoma,
Lokoja.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Zipporah ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ọmọ títọ́, okun ooru Àbújá tí mo gbọ́ pé kò yàtọ̀ sí tiwa mọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni Jímọ̀ ọkọ rẹ wà? Mo kọ orúkọ rẹ̀, o rí i. Ṣé Fàthíà ọmọ yín ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó dá yín sí di òní kò ní jẹ́ kí ẹ fi omijé wẹjú. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ síbi iṣẹ́ kò ní gbé yín. Àmín.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já bí o ṣe rí ìkọ̀wé ọwọ́ mi. Kò sí ẹni tó kú. Ìyá rẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níbí, ó ní kí n máa ka gbogbo ohun tí mo bá kọ sí òun létí, mo ní èyí tó bá kàn án nìkan ni n ó kà. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rin rèé tó jẹ́ pé òun nìkan ni ò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ó bá sì ti ní kí o dúró kí n kí ọ, netiwọ́ọ̀kì á já. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe netiwọ́ọ̀kì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ fẹjọ́ sùn níléeṣẹ́ fóònù, mo kọ ìwé fún wọn, mo sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ní netiwọ́ọ̀kì àdúgbò wa dára gan-an. Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú ènìyàn, n kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Oòrùn oṣù Kejì yìí mú débi pé ológbò Patricia aládùúgbò wa kò lè gun orí páànù mọ́. Odò ti fà sẹ́yìn, ẹja sì wọ́n. Báńkì tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì mi ṣì ń fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èmi náà kì í jẹ́ kí ó pé wákàtí kan kí n tó dá wọn lóhùn pé mo dúpẹ́, kí wọ́n bá mi kí àwọn ará ilé wọn. Láti ọdún méjì wọn kò kí mi padà rí, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn dẹ́kun ṣíṣe ohun tó tọ́.

Ọ̀rọ̀ hóòmù tíátà tí ìwọ àti Jímọ̀ fi rán Elisha awakọ̀ sí wa ló mú mi jókòó kọ̀wé. Páálí náà dé láìfọ́ láìya. Ẹ̀rọ dúdú pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, àti sípíkà kéékèèké márùn-ún, àti wúfà ńlá kan, àti wáyà lóríṣiríṣi, àti fláàṣì tí o fi bébà wé, tí o kọ ọ́ sí i lára pé ìgbéyàwó rẹ ni, pé ti ìyá rẹ ni. Ìyá rẹ sọ fún mi pé òun ló bẹ̀ ọ́. Ó ní níwọ̀n bí ojú òun ti ṣú tán báyìí, kí o jẹ́ kí òun kúkú fi etí gbọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun, àti pé ohùn tẹlifíṣọ̀n wa ti kú láti ìgbà òjò tó kọjá, àwòrán nìkan ló ń gbé jáde. O rí i pé ohùn yẹn ni gbogbo ohun tó ń retí nínú páálí náà. Ìyókù kò lè wúlò fún un.

Jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀ níbí, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́. Ìyá rẹ ì bá ti fi ojú rẹ̀ rí ìgbéyàwó náà. Ní Sátidé yẹn, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ó ti wẹ̀, ó ti múra, ó ti gbé báàgì lé itan, ó ń dúró de ọkọ̀ Àbújá. Èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọmọ mi kò ní fẹ́ Mùsùlùmí. Mo ní ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé kò ní fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ Agbaja. Mo ní bí ó bá jáde, kí ó má padà. Kò bá mi jà. Ó jókòó sórí àga yẹn pẹ̀lú báàgì lórí itan rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́dún kejì ni dókítà sọ pé àìsàn tó ń jẹ ojú rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe. Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí mo fi dá ara mi láre nígbà náà ni mo ṣì mọ̀ lórí, ṣùgbọ́n mo ti yẹ̀ wọ́n wò, kò sí ìkankan nínú wọn tó ní kí n gba ìgbéyàwó ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ lójú.

Torí náà, nígbà tí páálí dé, mo pinnu pé èmi ni n ó to ẹ̀rọ náà. Mo mú ìwé kékeré tó bá a wá, mo mú bírò, mo fa ìlà sí i nídìí láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn bí ẹni tó ń yẹ ìwé iṣẹ́ olùkọ́ wò. Wúfà ló tóbi jù, mo gbé e sórí tábìlì láàárín pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà wọn, mo to àwọn kéékèèké sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, mo kọjú gbogbo wọn sí ẹnu ọ̀nà kí ó lè dára lójú ẹni tó bá wọlé. Ìwé náà ní kí n gbé méjì sẹ́yìn àga tí a ń jókòó sí. Mo ní rárá o, n kò fẹ́ ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi nínú ilé tí mo fi owó mi kọ́.

O sì mọ̀ mí pẹ̀lú ọ̀rá. Ọ̀rá àga pálọ̀ wa tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ nítan nígbà tí o wà ní kékeré ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí a bá rà ní tuntun, n kì í bọ́ aṣọ tó wọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, kí eruku má baà bà á jẹ́. Mo fi ọ̀rá sílẹ̀ lára ẹ̀rọ, mo fi sílẹ̀ lára rímóòtù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sípíkà sì wà nínú tirẹ̀ bí búrẹ́dì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí yóò gbé ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n lọ sínú ẹ̀rọ náà. Ìdérí kékeré kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì wà lẹ́nu rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Inú mi dùn sí i. Mo ní àwọn tó ṣe èyí mọ nǹkan tọ́jú. Mo fi agbára tì í wọlé pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

Bí mo ṣe tan iná sí i, obìnrin kan fọhùn nínú ẹ̀rọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun ti ṣe tán, òun ń dúró de ẹni tí yóò so mọ́ òun. Mo ní kí ó má bínú, ọwọ́ wa ló ṣì dí. Ìyá rẹ béèrè pé ta nìyẹn. Mo ní obìnrin inú ẹ̀rọ ni. Ó ní ṣé ẹ sì ní kí ó jókòó? Lọ́jọ́ kejì, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án, ohùn obìnrin mìíràn jáde, ó ń sunkún, ó ń sọ pé ọkùnrin tó ṣèlérí láti fẹ́ òun ti ń sá fún òun. Ìyá rẹ mú mi lọ́wọ́, ó ní a kò gbọdọ̀ dákẹ́ sí i, a sì gbàdúrà fún un níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó dárúkọ Patricia lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo tó mọ̀ pé àbúrò Patricia ni. Patricia ra sípíkà kékeré kan, ibi tí ó ti ń wá ọ̀nà láti so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn láìlo wáyà ni ó ti so ó mọ́ tiwa. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́ pé a ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà ní pálọ̀ wa, a ti gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́, àti pé ní ìmọ̀ràn tèmi, kí ọmọ náà fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Kò kí mi fún ọjọ́ méjì. Bí mo ṣe ń padà sílé ni mo rántí pé ohùn tí mo fi sọ ọ́ yẹn ni mo fi sọ tìrẹ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó rẹ kò fọhùn. Fláàṣì wọlé sára tẹlifíṣọ̀n, àwòrán jáde, ó mọ́ kedere, gbogbo ènìyàn ń la ẹnu, a kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo pààrọ̀ ihò iná. Rímóòtù bi mí pé ibo ni mo fẹ́ kí ohùn ti wá, ó to orúkọ márùn-ún sílẹ̀, mo dán gbogbo wọn wò pẹ̀lú ọ̀rá lára rímóòtù, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fọṣọ. Mo pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan wá láti àdúgbò Adankolo. Ó gbọn àwọn sípíkà wò, ó fi etí lé wọn, ó ní ẹ̀rọ náà ti kú láti ọ̀nà, ṣùgbọ́n torí pé bàbá ni mí, òun lè bá mi rà á. Mo ní kí ó máa lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ni ìyá rẹ sọ pé, kò burú, kí n kúkú máa sọ ohun tí mo bá ń rí fún òun.

Zipporah, bí mo ṣe lọ sí ìgbéyàwó rẹ nìyẹn. Mo gbé àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní gbọ̀ngàn náà gbòòrò, tábìlì jẹ́ mẹ́rìnlá, àga funfun yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, àwọn tó wá yóò tó ogóje. Ìyá rẹ ní ṣé mo ti tún dé ẹnu iṣẹ́ ni, ṣé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mò ń kà? Ó ní báwo ni ojú ọmọ òun ṣe rí? Mo sún mọ́ ọn sí i. Mo ní ojú rẹ̀ dán, ó fi òróró sí i. Ó ní kí n yéé tàn òun, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín? Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní èwo nínú ẹ̀rín rẹ̀, èyí tó fi ń bo nǹkan tàbí èyí tó ń fi erìgì hàn? N kò mọ̀ pé méjì ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ bàbá rẹ kí n tó gbọ́ pé ẹ̀rín rẹ jẹ́ méjì.

Alaalẹ́ ni a ń wò ó. Ó di kí n máa rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀: bí Jímọ̀ ṣe gbá eruku kúrò lórí àga kí o tó jókòó, bí o ṣe bọ́ bàtà rẹ sábẹ́ tábìlì nítorí pé ó ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀, tí òun sì fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ bò ó kí ènìyàn má baà rí i. Mo sọ ìyẹn fún ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí. Ohun kan wà tí n kò sọ fún un. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà, o máa ń yíjú wò ó. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni.

Ibì kan tún wà tí gbogbo ènìyàn dìde, tí àáfà àgbà ìhà ti ọkọ rẹ gbé ọwọ́ sókè, tí àwọn ará ìjọ yín náà di ojú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ń gbàdúrà fún tọkọtaya. Ó ṣe Àmín.

Ní ọjọ́ keje ó ní ohùn ló wu òun láti gbọ́ o. Ó ní Jímọ̀ ra irú ẹ̀rọ kan náà fún ìyá tirẹ̀ ní Agbaja, tìyẹn sì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni mo sì fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án mo ra búrẹ́dì ńlá méjì àti ẹja gbígbẹ, nítorí pé ilé àna ni mò ń lọ, mo sì gun ọ̀kadà gòkè Agbaja. Mo di ọlọ́kadà náà mú débi pé ó bi mí bóyá wọ́n bí wa mọ́ ara wa ni.

Ìyá Jímọ̀, Màrdíyà, ń to ẹ̀gẹ́ sóòrùn nígbà tí mo dé. N kò rí i rí, òun ni ó mọ̀ mí. Ó kúnlẹ̀ láti kí mi, èmi tí n kò yẹ kí ènìyàn dìde fún níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé ara ti le, ṣé àìsàn náà ti fi mí sílẹ̀ tán. Mo rò pé ó rí i pé mò ń tiro. Mo ṣàlàyé orúnkún mi fún un, mo fi ibi tó ń dùn mí hàn án, mo ní òtútù ló máa ń dà á láàmú. Ó ní Ọlọ́run tóbi, láti ọdún mẹ́rin òun ò tíì kírun kan kí òun má dárúkọ mi nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé orúnkún mi lókìkí tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tó yẹ kí bàbá ìyàwó sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé wáyà ni mo wá wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún mẹ́rin ni òun ti ń retí àna òun, kí Ọlọ́run bùkún wáyà. Ó mú mi wọlé. Kò sí ọ̀rá kankan lára tiwọn. Ó fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà yọ, ó fi ẹnu rẹ̀ hàn mí, ìmọ́lẹ̀ pupa kan sì ń tàn níbẹ̀ bí ẹyin iná. Ó ní Jímọ̀ sọ fún òun pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn kọjá nínú èyí. Mo béèrè ìdérí rẹ̀. Ó ní ìdérí wo? Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Obìnrin náà fọwọ́ ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá Zipporah, ẹ ní kí ó sọ̀rọ̀, ẹ sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu!

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀nà sísọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú iṣu márùn-ún tó dì fún mi, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò mọ sórí wáyà.

Mo délé, mo bọ́ gbogbo ọ̀rá náà. Mo yọ ìdérí méjèèjì. Mo ní kí ìyá rẹ gbé ọwọ́ lé wúfà. Mo tẹ rímóòtù, ilé sì kún fún ariwo ènìyàn. Ìyá rẹ pariwo. Nígbà tí ó gbọ́ ohùn rẹ tí o ń bá ẹnì kan jà pé kí ó má tẹ aṣọ rẹ mọ́lẹ̀, ó ní òun nìyẹn, òun gan-an nìyẹn, ó sì ń gbá wúfà náà pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ.

A dé ibi àdúrà. Ohùn àáfà náà jáde kedere. Ó ní ìyàwó sọ fún àwọn pé bàbá òun wà lórí ibùsùn ní ọsibítù Lokoja, pé ìyá òun ló ń tọ́jú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì kò fi lè wá, kí gbogbo ilé dìde kí a bá a tọrọ ìwòsàn. Wọ́n dárúkọ mi. Christopher, tí ara rẹ̀ le bí irin lọ́jọ́ náà, tí ó ń ka ìwé ìròyìn ní Lokongoma. Àwọn Mùsùlùmí tí mo kọ̀ ní àna tọrọ ẹ̀mí gígùn fún mi, àwọn ará ìjọ ṣe Àmín, ohùn tìrẹ sì ga ju ti gbogbo wọn lọ.

O bo ìtìjú mi lójú gbogbo ayé, ọmọ mi, ìwọ tí mo dójú tì.

Ìyá rẹ wá ọwọ́ mi kàn, ó ní àdúrà náà ti gbà o, ó kàn pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà ni.

Mo bẹ̀ ọ́. N kò ní àlàyé tí n ó fi lé e. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo ṣẹ Jímọ̀, mo ṣẹ ìyá rẹ ju ẹ̀yin méjèèjì lọ. Bí o bá gbà fún mi, n ó padà lọ bá Màrdíyà, n ó sọ fún un fúnra mi pé n kò ṣàìsàn kankan lọ́jọ́ náà, kí irọ́ tí o pa nítorí mi má wà lọ́rùn rẹ mọ́.

Ó ku owó tí mo fẹ́ tọrọ. Fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì láti Lokoja sí Àbújá ránṣẹ́ sí wa. Kì í ṣe pé n kò ní in. Owó ìfẹ̀yìntì mi tó o, ó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí èmi bá fi owó ara mi wọkọ̀, n ó kàn wá ká yín mọ́lé ni bí ẹni tó tún fẹ́ pàṣẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ lo fi ránṣẹ́, n ó mọ̀ pé o ní kí n máa bọ̀. Bí kò bá tíì yá lójú rẹ, má fi ránṣẹ́. N kò ní bínú. N ó máa retí.

Ọlọ́run yóò dá ilé rẹ sí. Jímọ̀ yóò jèrè rẹ, ìwọ náà yóò jèrè rẹ̀. Fàthíà yóò dàgbà lójú yín, ojú yín yóò sì ríran pẹ́. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá yíjú wò, ẹni tí ẹ̀ ń retí ni yóò wọlé. Àmín.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun ti di báàgì òun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Christopher.